Oúnjẹ Ilé Lórí Tábìlì Òkèèrè

Ìtàn àwọn Àwórì, tí í ṣe onílẹ̀ ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, sọ pé àwo kan tí ó léfòó lójú omi ni Olófin Ògúnfúnminíre tẹ̀ lé títí ó fi rì ní Ìṣẹrí. 'Àwo rì' náà ni ó di orúkọ wọn. Lóde òní, àwo oúnjẹ Yorùbá ti rìn jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti la òkun kọjá, ó sì ti gúnlẹ̀ sórí tábìlì àwọn ọlọ́lá ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ọdún 2017 ni Iré Hassan-Odukale, ọmọ Èkó, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jeremy Chan ṣí ilé oúnjẹ tí wọ́n sọ ní Ikoyi. Ó gba ìràwọ̀ Michelin kan ní 2018, ó sì gba èkejì ní 2022. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Akoko ti Aji Akokomi àti Chishuru ti Adéjọkẹ́ Bakare gba tiwọn. Bakare ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba irú ọlá bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé iṣẹ́ táyà kan ní ilẹ̀ Faransé ni ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé Michelin jáde fún àwọn arìnrìn-àjò ní 1900. Láti 1926 ni ìwé náà sì ti ń fi ìràwọ̀ dá ilé oúnjẹ lọ́lá.

Ẹ̀kuru wà lára ohun tí Bakare ti gbé fún àlejò: ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀, tí a sè láìfi ata sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń fojú oúnjẹ mẹ̀kúnnù wò nílé ni ó di àpọ́nlé lókèèrè.

Oúnjẹ ti rìn. Ṣé àṣà ìjẹun bá a rìn? Ká ní ọmọ kan mú bàbá rẹ̀ tí ó ti Ìgàndó wá lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni oúnjẹ yóò máa dé, oníkálukú pẹ̀lú àwo tirẹ̀. Ọwọ́ òsì ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń mú fọ́ọ̀kì, bẹ́ẹ̀ sì ni Yorùbá kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, áḿbọ̀sì kí a fi í bọ oúnjẹ sẹ́nu. Àwọn àgbà ní, àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kí ni bàbá yóò ṣẹ́ kù fún ọmọ nínú àwo tí òkèlè mẹ́ta tán? Ta ni yóò ké sí pé, "Ẹ wá jẹun," tí onítọ̀hún yóò fi dáhùn pé, "Á gba ibi ire"?

Síbẹ̀, bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ni níbòmíràn. Kí ọmọ ṣàlàyé fún bàbá kí wọ́n tó jáde nílé. Kí ó jẹ́ kí àgbà kọ́kọ́ fọwọ́ kan oúnjẹ. Bí bàbá bá sì fi ọwọ́ ọ̀tún mú fọ́ọ̀kì, kò dẹ́ṣẹ̀. Chishuru gan-an, èdè Haúsá ni, ìdákẹ́rọ́rọ́ tí ó máa ń dé nígbà tí oúnjẹ bá dé ni ó ń tọ́ka sí. Èyí kò ṣàjèjì sí ọmọ tí a kọ́ pé a kì í sọ̀rọ̀ bí a bá ń jẹun.

Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkòtún, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òbí tètè wọlé. Àwọn ọmọ á ti bu oúnjẹ tiwọn jẹ níwájú tẹlifíṣọ̀n kí bàbá tó dé. Ọmọ tí kò bu omi ìṣanwọ́ fún bàbá rẹ̀ rí nílé, kò lè mọ ohun tí bàbá náà ń wá lórí tábìlì Lọ́ńdọ̀nù. Bí ó tilẹ̀ ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí òbí àti ọmọ jókòó ti oúnjẹ kan náà. Àlejò lè fi ìràwọ̀ yẹ́ ọbẹ̀ sí. Àṣà ìjẹun, onílé ni yóò yẹ ẹ́ sí.