Ibi Tí Àbàtà Parí Sí: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wá Ààlà Rẹ̀ Lórí Ilẹ̀ Oko ní Amẹ́ríkà

Ààlà àbàtà kì í ṣe ibi tí omi dé lọ́jọ́ tí èèyàn lọ wò ó. Ọ̀pọ̀ àbàtà ní Amẹ́ríkà ló ń gbẹ táútáú nígbà ooru, débi pé katakata lè gba orí rẹ̀ kọjá, síbẹ̀ àbàtà ni. Ibẹ̀ gan-an ni awuyewuye wà lórí àbá òfin tí àjọ EPA, tó ń bójú tó àyíká, àti iléeṣẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ náà gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Lábẹ́ àbá náà, òfin àpapọ̀ kò ní dá sí àbàtà tí omi kì í hàn lójú rẹ̀, ó kéré tán, lákòókò tí omi máa ń pọ̀.

Ìwé ìlànà tí Corps of Engineers, ẹ̀ka àwọn ẹnjiníà ọmọ ogun, ṣe lọ́dún 1987 ni àwọn tó ń fa ààlà yìí ṣì ń tẹ̀ lé, pẹ̀lú àfikún fún agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wá: omi, ewéko àti ilẹ̀. Ní ti omi, ó tó kí ilẹ̀ rin gbingbin láàárín nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sí òkè fún ọjọ́ 14 léraléra ní àsìkò tí ewéko ń hù, kó sì máa rí bẹ́ẹ̀ ní ọdún 5 nínú 10. Ní ti ewéko, àkọsílẹ̀ kan pín wọn sí ìsọ̀rí márùn-ún. Cattail, tó jẹ́ pé inú omi ló ń gbé, wà ní ìkángun kan; igi red maple, tó ń hù níbi tútù àti níbi gbígbẹ, wà láàárín. Ẹni tó bá fi igi bẹ́ẹ̀ nìkan ṣe àmì lè ṣìnà.

Ilẹ̀ ló ń pa ìtàn mọ́ jù lọ, irin inú rẹ̀ ló sì ń sọ ọ́. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń wọlé, irin yìí á dógùn-ún bí àdá tí wọ́n gbàgbé sínú ìrì, á sì fún ilẹ̀ ní àwọ̀ pupa tàbí ràkọ̀ràkọ̀. Nígbà tí omi bá dí gbogbo àlàfo inú iyẹ̀pẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà á lo ọ́síjìn tó kù tán. Wọn kì í torí ìyẹn ṣíwọ́. Wọ́n á yíjú sí irin náà, wọ́n á sì sọ ọ́ di irú tó lè yòrò sínú omi. Bó bá ti bá omi lọ, àwọ̀ eérú ni yóò kù. Tí omi bá fà, afẹ́fẹ́ á gba ihò gbòǹgbò wọlé, ìyókù irin á tún dógùn-ún síbẹ̀. Ìdí nìyí tí fọ́nrán pupa fi máa ń wà nínú ilẹ̀ aláwọ̀ eérú, kódà ní oṣù tí kò sí ẹ̀kán omi kan.

Ayẹ̀wò náà kò ní ariwo. Wọ́n á gbẹ́ kòtò tó jìn tó 50 sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á fọ́ ògúlùtu kan, wọ́n á rin ín, wọ́n á sì fi wé ìwé àwọ̀ Munsell, tí wọ́n fi orúkọ ayàwòrán tó to àwọ̀ náà pè. Àmọ́ ilẹ̀ tó ti ara òkúta pupa wá lè má yí àwọ̀ padà bó ti wù kó pẹ́ lómi tó. Oko tí wọ́n ti gbẹ́ kòtò fa omi rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ náà sì lè ṣì ní àwọ̀ eérú, nígbà tí kì í ṣe àbàtà mọ́. Nítorí náà, wọn kì í fi àmì kan ṣoṣo dájọ́.

Láti inú ibi tó tutù, wọ́n á máa gbẹ́ kòtò gòkè títí wọn yóò fi dé ibi tí ọ̀kan nínú àmì mẹ́ta náà ti sọnù. Àárín kòtò méjì tó gbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fi àsíá kékeré sí. Bí wọ́n bá so àwọn àsíá náà pọ̀ lórí máàpù, ààlà dé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ààlà ilẹ̀ ọ̀tọ̀, agbára òfin ọ̀tọ̀. Tọkọtaya Sackett, tó ra ilẹ̀ nítòsí Priest Lake ní ìpínlẹ̀ Idaho lọ́dún 2004, tí EPA sì dá dúró lọ́dún 2007 nígbà tí wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ sí i, jàre ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023. Ilé ẹjọ́ náà ní àbàtà tó bá so mọ́ odò tàbí adágún lójú ilẹ̀ láìjá nìkan ni òfin àpapọ̀ kàn. Òṣùwọ̀n yìí rọrùn fún onílẹ̀ láti fojú rí, àǹfààní ńlá sì nìyẹn. Síbẹ̀, ó jọ pé àbá òfin ọdún 2025 náà ń gbé ìgbẹ́kẹ̀lé ka ohun tí ojú rí ju bó ti yẹ lọ, nítorí àbàtà tí omi rẹ̀ kì í yọ sókè náà ń gba omi òjò dúró, ó sì ń sẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ kó tó dé odò.

Òfin ìpínlẹ̀ ṣì lè dáàbò bo ohun tí òfin àpapọ̀ fi sílẹ̀. Máàpù àbàtà tí ìjọba gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú fọ́tò tí wọ́n yà láti òfuurufú ni wọ́n ti yà á, kò sì lè dípò kòtò àti ìwé àwọ̀. Kí onílẹ̀ gba ìpinnu Corps lákọsílẹ̀, èyí tó sábà máa ń wúlò fún ọdún 5, kí típà àkọ́kọ́ tó da iyẹ̀pẹ̀ síbẹ̀.