Omi Adágún Ẹja tí ó Ki Bí Ọ̀dà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà, ọ̀pọ̀ nínú yín tí ń sin ẹja gbà pé bí omi adágún bá ti ní àwọ̀ ewé, ẹja yóò sanra. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Omi tí ó ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ń bọ́ epìyà. Èyí tí ó ki bí ọ̀dà tí a fi ń kun ilé, tí èérí rẹ̀ sì kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí afẹ́fẹ́ gbá a lọ, ọ̀tọ̀ ni. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cyanobacteria ni ó kún inú rẹ̀. Owó ọmọ ẹja àti ti oúnjẹ oṣù púpọ̀, tí ẹlòmíràn yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́, lè tipa wọn ṣòfò ní òru ọjọ́ kan.

Ajílẹ̀ ni ó ń bọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bọ́ àgbàdo. Ẹni tí ó kọ́ ilé adìyẹ sórí adágún, tàbí tí ó ń da oúnjẹ sí i ju èyí tí ẹja lè jẹ tán, ń sìn wọ́n láìmọ̀. Ilẹ̀ àpáta sì ni ilẹ̀ Àkókó: nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, omi a ṣàn wálẹ̀ láti orí àpáta, a sì gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ajílẹ̀ oko wá sínú àfonífojì. Bí oòrùn bá wá mú fún ọjọ́ mélòó kan, tí omi sì dúró jẹ́ẹ́, wọn a pọ̀ kíákíá.

Ní ọ̀sán, wọn a máa tú afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí sínú omi. Ní òru, wọn a máa fà á. Nítorí náà ni ẹja fi ń kú ní ìdájí. Bí ẹ bá rí epìyà tí ń yọ ẹnu sókè omi kí ilẹ̀ tó mọ́, ewu ti dé. Ẹ má fi ẹja àrọ̀ ṣe òdiwọ̀n, nítorí àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi, ó sì lè máa yan kiri nígbà tí epìyà ti kú tán. Ṣùgbọ́n májèlé kò mọ àrọ̀ yàtọ̀ sí epìyà. Irú kan nínú àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ń ṣe májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní 2009, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí jáde pé wọ́n rí i nínú adágún ẹja ní Zaria. Ní 2020, erin tí ó ju 300 lọ kú ní Botswana, ìjọba ibẹ̀ sì sọ pé májèlé cyanobacteria nínú omi ni ó fà á. Kí ni ti ewúrẹ́ àti ajá tí ń mu omi ní etí adágún? Bí a tilẹ̀ sè omi náà, májèlé rẹ̀ kì í lọ.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó mọ kọ́pà súlífétì, òkúta aláwọ̀ aró tí a ń pò láti fi fín kòkó nítorí àrùn tí ń sọ èso rẹ̀ di dúdú. Ẹ má ṣe dà á sínú adágún tí ó ti ki. Yóò pa wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n májèlé inú wọn yóò tú sínú omi, ìjẹrà wọn yóò sì gba afẹ́fẹ́ tí ó kù. Ẹ dá oúnjẹ àti ajílẹ̀ dúró, kí ẹ sì fi omi mímọ́ rọ́pò díẹ̀díẹ̀. Omi tí ẹ tú jáde kò gbọdọ̀ ṣàn sí odò tí ará ìlú ń pọn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kó èérí náà, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ ní ibi tí ó jìnnà sí omi.

Láti mọ̀ kí ewu tó dé, ẹ kan ìdérí agolo funfun mọ́ ìdí ọ̀pá, kí ẹ rì í sínú omi ní ọ̀sán. Bí kò bá pòórá títí ó fi jinlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, omi dára. Bí ó bá pòórá kí ó tó dé ìdajì rẹ̀, tí kì í sì í ṣe ẹrẹ̀ ni ó fà á, ẹ má fi ajílẹ̀ sí i mọ́. Ẹgbẹ́ lè yan ẹnìkan tí yóò máa wọn adágún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹja tí ó kú nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì tà á. Ẹ rì í mọ́lẹ̀. Èyí tí ó yè, ẹ má gbé e lọ sí ọjà títí omi yóò fi mọ́, nítorí ẹran rẹ̀ a máa rùn bí erùpẹ̀, àwọn oníbàárà a sì tètè mọ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ kó gbogbo ìfun àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dànù, nítorí ibẹ̀ ni májèlé ń pọ̀ sí jù.