Adójútòfò orí íntánẹ́ẹ̀tì: Ẹ ka ìwé àdéhùn yín dáadáa

Bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó, kò kan ti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kòkòrò kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè ba iṣẹ́ jẹ́ níbi méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ìdí nìyí tó fi ṣòro fún àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò láti díye lé jàǹbá orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ọdọọdún lórí ọrọ̀ ajé ààbò kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì California, ní Berkeley. Níbẹ̀rẹ̀, ìṣirò lásán ló pọ̀ jù, torí àkọsílẹ̀ jàǹbá kò tó nǹkan. Nígbà tó di 2019, Sasha Romanosky àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ìwé àdéhùn tó lé ní 100 l'Amẹ́ríkà, láti mọ ohun tí wọ́n ń san owó lé lórí àtohun tí wọn kì í san.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Nígbà tí kòkòrò NotPetya ba kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ oògùn Merck jẹ́ ní 2017, àwọn adójútòfò ní ogun ni, àwọn ò ní í san. Ọdún 2023 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn New Jersey tó dá Merck láre.

Ẹ̀yin oníṣòwò, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ wo ohun tí wọn ò ní í san lé lórí.