Omi ni oògùn àkọ́kọ́ fún onígbáméjì

Lọ́dún 2021 nìkan, àwọn tí wọ́n gbà pé àrùn onígbáméjì, ìyẹn kọ́lẹ́rà, pa ní Nàìjíríà lé ní 3,500. Gbígbẹ ara ni ó ń pa irú wọn. Kòkòrò àrùn náà, Vibrio cholerae, máa ń gba inú omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn wọlé. Kì í luhò sí ìfun. Ṣe ni ó ń lẹ̀ mọ́ ọn, tí ó sì ń tu oró tó ń mú kí ìfun máa da omi àti iyọ̀ ara jáde. Ẹni tí ó bá le fún lè pàdánù lítà kan láàárín wákàtí kan. Ojú á jìn, ìtọ̀ á dá, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní lè ṣàn dáadáa mọ́.

Ṣùgbọ́n oró yẹn kì í dí ọ̀nà tí ṣúgà àti iyọ̀ jọ ń gbà wọnú ara, omi sì máa ń tẹ̀lé wọn. Lọ́dún 1971, nígbà ogun Bangladesh, onígbáméjì jà ní àgọ́ àwọn ogúnléndé ní Bangaon, ní Íńdíà, omi tí wọ́n ń fà síni lára sì tán. Dókítà Dilip Mahalanabis wá ń fún wọn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà mu. Ikú tó ń lọ sí bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún já wálẹ̀, kò tó 4.

Àwọn kan á ní omi mímu ń fi kún ìgbẹ́. Rárá o, oró kòkòrò ló ń fa ìgbẹ́. Ẹni tí a bá fi omi dù ni yóò gbẹ. Àwọn mìíràn gbójú lé kápúsù. Lóòótọ́, dókítà lè fún ẹni tó le fún ní doxycycline kí ìgbẹ́ lè tètè dá, àmọ́ kápúsù kò lè dá omi tó ti jáde padà. Ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, àwọn kan tún lè sọ pé ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Ibẹ̀ ló yẹ kí a gbé aláìsàn lọ kíákíá lóòótọ́, ṣùgbọ́n wákàtí kan lójú ọ̀nà láti abúlé kan ní Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀yẹ́ lè gba lítà omi kan lára rẹ̀. Nítorí náà, ilé ni mímu ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa bá a lọ nínú ọkọ̀. Bí kò bá sí ORS, ìyẹn iyọ̀ òun ṣúgà inú àpò tí a ń pò mọ́ omi, ẹ se omi, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wọn igò 50cl méjì, kí ẹ po ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀ mọ́ ọn, kí ẹnu ṣíbí gún régé, nítorí iyọ̀ àpọ̀jù léwu. Bí aláìsàn bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá máa fún un díẹ̀díẹ̀. Omi ẹ̀rọ tó mọ́ àti ilé ìyàgbẹ́ ṣì jẹ́ gbèsè lọ́rùn ìjọba, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì lè kọ́ àwọn ìyá ní ìwọ̀n yìí níbi ìpàdé aláboyún, kí òjò tó dé.