Epo, Gàrí àti Abẹ́rẹ́ Àjẹsára: Ẹ̀kọ́ láti Ọjà Santana ní Benin

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹni tí ó bá ti gba ojú ọ̀nà Sapele kọjá ní ìlú Benin yóò mọ Ọjà Santana. Àwọn tí ń ta epo pupa, gàrí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ẹja wà níbẹ̀. Ohun tí a bá kórè lónìí ní agbègbè Ọ̀wọ̀ tàbí Ifọ́n lè dé orí àtẹ níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Nítorí náà, ohun tí ó bá ṣe irú ọjà bẹ́ẹ̀, oko ni ó ṣe.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn Kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti di àjàkálẹ̀ àrùn tí ó kárí ayé. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn ará Èkó, ìpínlẹ̀ Ògùn àti Àbújá jókòó sílé. Nígbà tí ó di oṣù Karùn-ún, wọ́n fi òfin de ìrìn àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, a kò sì tú òfin náà títí di ọjọ́ 1 oṣù Keje. Òfin yọ̀ǹda fún ọkọ̀ tí ó kó oúnjẹ láti kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tí a kọ sínú ìwé, ọ̀tọ̀ ni ohun tí awakọ̀ ń bá pàdé lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ láti ẹnu ìyá eléepo

Mo bá ìyá kan sọ̀rọ̀ ní Santana, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń ta epo àti gàrí níbẹ̀. Mo kí i pé, "Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ajé á wọ igbá." Ó dáhùn pé, "Àṣẹ o, ọmọ mi." Nígbà tí mo béèrè nípa ọdún Kòrónà, ó mi kanlẹ̀.

"Ọdún náà kò ṣeé gbàgbé. Ọkọ̀ tí ó kó tòmátì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa bọ̀ lo ọjọ́ mẹ́ta lójú ọ̀nà. Nígbà tí a ṣí i, omi ni a bá. Gàrí nìkan ni ó gbà wá sílẹ̀. Ẹni tí ó ń ta ẹja ní ẹ̀gbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó lọ sílé, kò sì padà wá mọ́. Ẹnikẹ́ni kò ṣe àyẹ̀wò fún un, nítorí náà n kò lè sọ pé Kòrónà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí."

Mo bi í bóyá ó gba abẹ́rẹ́. Ó rẹ́rìn-ín.

"N kò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ní ẹni tí ó bá gbà á kò ní lò ju ọdún méjì lọ láyé. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin mi ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Nígbà ọyẹ́, àrùn wọ àdúgbò wa, adìyẹ àwọn ẹlòmíràn kú tán, tirẹ̀ kò kú, nítorí pé ó ti fún wọn ní àjẹsára. Mo wá bi ara mi léèrè pé, ṣé adìyẹ wá sàn jù mí lọ ni?"

Ní ìparí ọdún 2021, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbé àpótí abẹ́rẹ́ wá sí ọjà, ó na apá rẹ̀ sí wọn. Apá náà dùn ún fún ọjọ́ méjì, ara rẹ̀ sì gbóná ní òru kan. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti wà ní ìdí epo rẹ̀.

Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ṣiyèméjì

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2021 ni abẹ́rẹ́ bíi mílíọ̀nù 3.92 kọ́kọ́ dé orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọjọ́ 5 oṣù náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní Àbújá. Ní oṣù Kẹjọ, Gómìnà Godwin Obaseki kéde pé láti oṣù Kẹsàn-án, ẹni tí kò bá ní káàdì abẹ́rẹ́ kò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí báǹkì ní ìpínlẹ̀ Edo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù Kejìlá, ìjọba pa abẹ́rẹ́ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan run nítorí pé ọjọ́ wọn ti kọjá. Àwọn kan fi èyí ṣe ẹ̀rí pé abẹ́rẹ́ náà kò dára. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ó kù fún wọn kò pọ̀ nígbà tí wọ́n dé, ìjọba kò sì fẹ́ kí a gún ènìyàn ní ohun tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá.

Iṣẹ́ tí àjẹsára ń ṣe kò ṣòro láti yé àgbẹ̀. Ó ń fi àmì ọ̀tá han ara ṣáájú ogun, kí ara lè ti múra sílẹ̀. Ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ Kòrónà ṣì lè kó àrùn náà, ṣùgbọ́n kì í sábà le tó bẹ́ẹ̀ tí yóò pa á. Àwọn àgbà wa mọ ohun tí ṣànpọ̀nná ṣe. Ọdún 1970 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, nígbà tí ó sì di ọdún 1980, a kéde pé ó ti kúrò láyé. Àjẹsára ni ó lé e lọ.

Ohun tí ó yẹ kí àgbẹ̀ ṣe

Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn Kòrónà kì í ṣe ọ̀ràn pàjáwìrì àgbáyé mọ́. Ṣùgbọ́n àrùn mìíràn lè dé. Nítorí náà:

1. Ẹ má ṣe fi gbogbo oko gbin ohun tí ó ń tètè bàjẹ́. Ẹ̀gẹ́ lè dúró nínú ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan bí ọ̀nà bá dí, ṣùgbọ́n bí a bá ti wú u, kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

2. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹyìn tí ẹ ti gé pẹ́ ju ọjọ́ méjì lọ kí ẹ tó sè é, kí epo má baà kan. Epo tí ó dára lè dúró de ọjà.

3. Ẹ yan gàrí kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ sì dé e nínú ohun tí eku kò lè wọ̀. Eku ni ó ń gbé ibà Lásà kiri ní agbègbè Edo àti Oǹdó, kò sì tíì sí àjẹsára tí a fọwọ́ sí fún un.

4. Ẹ fún adìyẹ yín ní àjẹsára kí ọyẹ́ tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ń kú.

5. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ wọn ní ibùdó ìlera, kí ẹ sì tọ́jú káàdì wọn. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá náà, ó bu gàrí ẹ̀kún ọwọ́ fún mi tọ́ wò. Ó ní, "Sọ fún wọn lóko pé kí wọ́n wà láàyè. Bí àgbẹ̀ bá kú, kí ni èmi yóò tà?"