Ibi Tí Irun Ti Ń Jẹun

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, gbogbo wa la mọ bí ọjà ṣe ń dé ọwọ́ oníbàárà. Tírélà tó kó ìrẹsì kì í wọ àdúgbò. Á já ẹrù sílẹ̀, ọkọ̀ kékeré á gbé e lọ sọ́jà, títí tí yóò fi kan ìyá tó ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n lẹ́nu ọ̀nà ilé. Bí ìyá oníkóńgò yìí ò bá sí, ìrẹsì á kún ilé ìkẹ́rùsí, ebi á sì máa pa ará àdúgbò. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń bọ́ ara wa náà nìyẹn.

Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà tó nǹkan bíi lítà 5. Bí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn ń fún iye yẹn jáde láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀jẹ̀ á gba inú iṣan ńlá, iṣan ńlá á pín sí kékeré, kékeré á tún pín, títí yóò fi kan àwọn iṣan tín-ín-rín tí ojú lásán ò lè rí. Àwọn wọ̀nyí ni ìyá oníkóńgò wa. Inú wọn há débi pé àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ní láti tò lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lè kọjá. Ògiri wọn sì fẹ́lẹ́ gan-an, ibẹ̀ ni ọjà ti ń bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà: afẹ́fẹ́ tí a mí sínú, omi, ṣúgà àti èròjà oúnjẹ á gba ibẹ̀ wọ inú ẹran ara, ìdọ̀tí á sì gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣan ńlá ò lè ṣe é, ògiri tirẹ̀ ti nípọn jù.

Ó pẹ́ kí aráyé tó rí wọn. Ní 1628, William Harvey, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé yíyípo ni ẹ̀jẹ̀ ń yípo, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ ń gbà di èyí tó ń bọ̀. Ó kú ní 1657 láìrí i. Ní 1661 ni Marcello Malpighi, ará Ítálì, fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀lọ́, ó sì rí wọn. Ẹ̀yin náà, ẹ tẹ èékánná àtàǹpàkò yín, á funfun. Ẹ tú u sílẹ̀, kíá ni á tún pọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ló padà sínú iṣan wẹ́wẹ́ yẹn.

Ó wá kan irun. Irun tí à ń yà tí à ń dì, òkú ni. Ìdí nìyẹn tí onígbàjámọ̀ fi ń gé e tí kò dunni. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú awọ orí ló wà láàyè. Ìdí irun wú bí àlùbọ́sà, ẹran kékeré kan wọ abẹ́ rẹ̀, inú ẹran yẹn sì ni iṣan tín-ín-rín lọ́ mọ́ra sí. Ibẹ̀ ni irun ti ń jẹun. Ó ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù, á sì dàgbà fún ọdún bíi mélòó kan, á sinmi fún nǹkan bí oṣù 3, kó tó já kí òmíràn hù. Nítorí náà, bí irun ìyá ọlọ́mọ tuntun tàbí ẹni tí ibà ńlá ṣe bá ń já lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ó sábà máa ń padà hù.

Àwọn kan nínú wa ń ta ìpara irun, a ò bá wọn jà. Òrí àti àdí àgbọn ń mú irun rọ̀, kì í jẹ́ kó gbẹ kó kán. Ẹ fi ìyẹn tà á. Ṣùgbọ́n kí a má sọ fún oníbàárà pé ó ń bọ́ irun láti òkè, inú ni oúnjẹ irun ti ń wá. Ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ náwó lé.

Èyí tó ń pá ẹ̀bátí àti iwájú orí ọ̀pọ̀ ìyá àti ọmọbìnrin wa, kì í tilẹ̀ ṣe àìrí oúnjẹ jẹ. Fífà ni. Bí a bá di irun le, tí a tún so atáṣímẹ́ǹtì tó wúwo mọ́ ọn, pàápàá irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rìlásà sí, ihò irun á máa wú, á máa ro. Bí a bá tètè tú u, irun á padà. Bí a bá ń ṣe é lọ fún ọdún púpọ̀, àpá á di ihò náà pa. Ìpara kankan ò sì lè là á mọ́. “Fara dà á, ẹwà ni” tí a ń sọ fún àwọn ọmọ, ó tó kí a fi sílẹ̀. Ìdìrí tí kò jẹ́ kí ọmọ sùn lóru ti le jù, kí a bá onídìrí sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ pé kó dẹ etí irun.

Ti làpálàpá orí ọmọdé yàtọ̀. Ìpara nìkan kì í wò ó. Oògùn gbígbé mì láti ọ̀dọ̀ dókítà ni, kí a sì má jẹ́ kí ọmọ náà bá àwọn yòókù lo ìyàrí kan náà.