Ohun Tí Mo Bá Ọmọ Tí Ó Fẹ́ Ṣí Ṣọ́ọ̀bù Oge Sọ

Ní ọjọ́ Ajé kan tí èrò kún dìsípẹ́ńsárì wa, ìyá kan tí a jọ ń gbé àdúgbò mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi. Kì í ṣe pé ara ọmọ náà kò yá. Ó ti kọ́ iṣẹ́ irun fún ọdún mẹ́ta, ó ti gba fúrídọ́ọ̀mù rẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti yá ìyá rẹ̀ lówó, wọ́n sì ti san owó ọdún kan lórí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọjà. Irun ṣíṣe, ìtọ́jú èékánná àti ẹsẹ̀, ìtọ́jú ojú, àti fífi òróró wọ́ra ni yóò máa ṣe níbẹ̀. Ìwé pélébé kan ni ìyá náà fẹ́ kí n bá òun wò. Ọ̀rẹ́ ọmọ náà ni ó kọ ọ́ fún un, bí a ti í po ìpara tí ń mú ara pupa.

“Àǹtí Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni èrè wà. Ẹ bá wa wò ó bóyá kò léwu.”

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Oríṣi ìpara ìbóra méjì ni, pẹ̀lú ìpara oní-sítẹ́rọ́ìdì tí dókítà ń kọ fún alárùn awọ ara pé kí ó fi para fún ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀, àti omi kan tí a ń rà nínú ìgò tí kò ní àkọlé. Inú bákẹ́ẹ̀tì ni kí a ti po gbogbo rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jókòó.

Ẹ̀yin ìyá tí ń ka ojú ewé yìí, èmi kò kórìíra oge. Kí a tó bí ìyá ìyá wa ni a ti ń fi òrí pa ara, tí a ń kun osùn, tí a ń lé làálì, tí a sì ń fi ọṣẹ dúdú wẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpara inú bákẹ́ẹ̀tì yìí yàtọ̀. Hydroquinone tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpara ìbóra, bí a bá fi í para pẹ́, a máa mú ojú ní àwọ̀ dúdú bí aró, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lábẹ́ ojú, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣòro púpọ̀ láti mú kúrò. Sítẹ́rọ́ìdì a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, egbò kì í sì í tètè jinná lára irú awọ bẹ́ẹ̀. Mo ti dúró ti dókítà tí ń rán ojú iṣẹ́ abẹ obìnrin kan tí ó ti ń bóra láti ọ̀pọ̀ ọdún. Bí okùn ti ń mú awọ náà ni awọ ń ya. A pẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Èyí tí ó burú jù ni mẹ́kúrì. Òun ni omi dídán bí fàdákà tí a ń rí nínú ìgò tí a fi ń wo ara gbígbóná nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Awọ ara ni ó ń gbà wọlé, kíndìnrín ni ó ń bàjẹ́, ó sì lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú oyún. Ní ọdún 2013 ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Minamata lórí rẹ̀, orúkọ ìlú kan ní Japan tí mẹ́kúrì ti ba ẹja wọn jẹ́, tí ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó ń po ìpara nínú bákẹ́ẹ̀tì kò lè mọ̀ bóyá mẹ́kúrì wà nínú omi tí kò ní àkọlé. Ìpara tí a ṣe fún títà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1993. Èyí tí kò ní in, òfin kò gbà á.

Ọmọ náà wí pé, “Ṣùgbọ́n Mọ̀mí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí ó wà ní títì wa ni ó ń tà á.”

N kò purọ́ fún un. Oníbàárà kan yóò wọlé, yóò bèèrè rẹ̀, yóò sì jáde láì ṣe irun, bẹ́ẹ̀ owó ẹgbẹ́ sì wà nílẹ̀ tí a ó máa san lóṣooṣù. Mo ní kí ó fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sọ́kàn pé yóò le. Kí ó tẹra mọ́ iṣẹ́ ẹsẹ̀ àti èékánná, nítorí ẹni tí ó bá gbádùn ẹsẹ̀ fífọ̀ kì í pẹ́ kí ó tó padà wá.

Níbi iṣẹ́ ẹsẹ̀ yìí ni mo ti bá a sọ̀rọ̀ jù. Kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B lè wà láàyè lára irin tí ẹ̀jẹ̀ kàn fún ọjọ́ méje ó kéré tán, bí ẹ̀jẹ̀ náà tilẹ̀ ti gbẹ. Rírì àlùmọ́gàjí bọ inú ife omi oògùn tí ó ti wà nílẹ̀ láti àárọ̀ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí ó kọ́kọ́ fi fọ irin, nítorí oògùn kì í ríṣẹ́ ṣe lára ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà, Jik ife kan sí omi ife mẹ́fà, bí ó bá jẹ́ èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 3.5 nínú 100 (kí ó wo ara ìgò), kí irin wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó ṣàn án, kí ó sì nù ún gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò dípẹtà. Kí ó da omi náà nù ní alẹ́. Abẹ fẹ́lẹ́ kan, ẹni kan. Kí òun fúnra rẹ̀ sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́fà.

Kí ó máa bèèrè kí ó tó bu omi gbígbóná: “Ìyá mi, ṣé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà?” Ẹsẹ̀ alárùn ìtọ̀ ṣúgà lè má mọ̀ pé omi ń jó òun. Bí oníbàárà bá ní kí a wọ́ òun lẹ́sẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sì wú, tí ó gbóná, tí ó ń dùn ún, kí ó má fọwọ́ kàn án, ilé ìwòsàn ni kí ó júwe fún un. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan, bí a bá sì wọ́ ọ, ó lè ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ti irun, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mo kàn ní kí ó máa fi àwọ̀ tí a ń kun irun sí ẹ̀yìn etí oníbàárà kí ó sì dúró ọjọ́ méjì, kí ó má sì di irun ọmọdé fún títí iwájú orí yóò fi pá.

Ìyá rẹ̀ ti ra tìróò sílẹ̀ fún títà. Inú rẹ̀ kò dùn nígbà tí mo ní kí ó kó o kúrò. Ní Boston ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2011, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Wọ́n wá ibi tí ó ti wá, tìróò tí a mú láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń lé sí ojú ọmọ náà, ni. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, òjé inú rẹ̀ lé ní 80 nínú 100.

Orúkọ ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n lọ fi sílẹ̀ ní CAC. Owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọbẹ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú àpò kan náà. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ilé, kódà bí òjò ń rọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, oorun ni ó fi ń pa ènìyàn.

Ní Ọjọ́bọ̀ wọ́n padà wá. Ọmọ náà gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ó ní kò dun òun. Tìróò ṣì wà nílé, ìyá rẹ̀ ní òun ń wá ẹni tí yóò gbà á padà, mo sì ní kí ó dà á nù. Káfíńtà kò tíì kó pẹpẹ ògiri wá.